Ẹ Sìn Wọ́n Kí Ẹ Tó Sin Wọ́n

Bí àgbà kan bá pa ipò dà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, ìròyìn náà kì í pẹ́ dé Kútọnu, Èkó, Libreville àti Paris. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, àwọn ọmọ tí wọn kò fojú kan ara wọn láti ọdún méje ti fẹnu kò lórí irú aṣọ tí ẹbí yóò dá, lórí ẹni tí yóò se oúnjẹ, lórí iye màlúù tí wọn yóò pa àti lórí onílù tí wọn yóò pè. Wọn yóò gbé òkú pamọ́ sí ilé òkú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù kan, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí àyè lè wà láti kun ilé, láti tún ojúde ṣe, àti láti pààrọ̀ páànù tí ó ti ń jò láti bí ọdún mẹ́rin. Ní ọjọ́ ìsìnkú, gbogbo àlejò yóò máa wí pé olóògbé bímọ, pé ọmọ sin ín. Kò sí ẹni tí yóò béèrè orí ta ni páànù náà ń jò sí fún ọdún mẹ́rin.

Yorùbá ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kò sí àbùkù lára òwe náà. Àbùkù wà lára àwọn tó sọ ọ́ di gbogbo òfin. Ohùn kan péré ni ó ya sin àti sìn sọ́tọ̀ nínú èdè Yorùbá. Ẹni tó sin òbí rẹ̀ gbé e wọ ilẹ̀. Ẹni tó sìn ín bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ó po ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó dì í mú lọ sí ẹ̀yìnkùlé lóru, ó sì jókòó tì í nígbà tí oorun kò wá. Àwọn ọmọ ìlú ti di ọ̀gá nínú ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì ni wọ́n sọ di iṣẹ́ ẹni tí kò rí ibi lọ.

Kí a mú ilé kan, irú èyí tí kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ ọ̀kan tó jọ ọ́. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ló wà níbẹ̀. Méje ni ọmọ rẹ̀ tó wà láàyè: méjì ní Kútọnu, ọ̀kan ní Parakou, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan ní Gàbọ́ọ̀nù, ọ̀kan ní Faransé. Wọn kì í ṣe ọmọ burúkú. Bí oṣù bá ti wọlé, fóònù yóò dún, owó yóò sì dé. Wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún ìyá. Wọ́n fi táìlì dídán tẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà á láti rìn níbẹ̀ bí omi bá dà sílẹ̀. Ní agogo méjì ọ̀sán, ìkòkò omi wà ní igun yàrá, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ sí ibùsùn rẹ̀, ìyá kò sì lè gbé ìgbésẹ̀ mẹ́jọ náà láìsí ẹni tí yóò di apá rẹ̀ mú. Opó ọmọ rẹ̀ tó kú ló ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n opó náà ní ìsọ̀ nínú ọjà. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n mú wá láti abúlé ló yẹ kó wà nítòsí, ṣùgbọ́n wọ́n ti rán an níṣẹ́. Ìyá náà ti kọ́ ọgbọ́n kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ó ti dín omi mímu kù, kí ó má baà máa dá ẹnikẹ́ni láàmú láti gbé e jáde.

Owó ọmọ méje wà lórí fóònù. Ọwọ́ ọmọ kan kò sí nínú ilé.

Àwọn ènìyàn a máa pa òwe òkété fún ara wọn, pé bó bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Wọ́n rò pé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni ọmú náà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ ohun tó ń wí. Ọmú kò ṣeé fi ránṣẹ́. Ẹni tí yóò fún ni lọ́mú gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí ara kan ara. Bí ọmọ kò bá lè wà nítòsí, tí iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ sì dè é mọ́ ibòmíràn, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni láti rí i pé ẹnìkan wà nítòsí, ẹni tó tó iṣẹ́ náà ṣe, ẹni tí a ń san owó fún, ẹni tí a sì ń bọ̀wọ̀ fún.

Ibí yìí gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ kan bá dábàá ní ìpàdé ẹbí pé kí wọ́n gba obìnrin kan síṣẹ́ láti máa tọ́jú ìyá, ohùn kan yóò dìde, tí ó sábà máa ń jẹ́ ti ọkùnrin tí kò bu omi ìwẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Yóò ní àṣà kò gbà á. Yóò ní òyìnbó ló ń fi òbí rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́. Bó bá kàwé díẹ̀, yóò mẹ́nu ba oṣù kẹjọ ọdún 2003, nígbà tí ooru pa nǹkan bí 15,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Faransé, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ arúgbó, tí àwọn kan sì dá kú sínú yàrá wọn láìsí ẹni tó mọ̀. Gbogbo ilé yóò mi orí. Ìpàdé yóò tú ká pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn pé àwọn kò dà bí òyìnbó, ìyá yóò sì wà níbi tí wọ́n bá a, pẹ̀lú ìkòkò omi ní ìgbésẹ̀ mẹ́jọ.

Ẹni tó ń sọ ìtàn 2003 kì í sọ ọ́ tán. Ojú ti ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe òfin pé kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún sílẹ̀ láìgba owó, kí èrè ibẹ̀ lọ sí ìtọ́jú àwọn arúgbó àti àwọn aláàbọ̀ ara. Àwọn òṣìṣẹ́ kan kùn, ọ̀pọ̀ ṣì ń kùn títí dòní, ṣùgbọ́n owó náà ń wọlé. Kí ni ìlú tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín fi sílẹ̀? Oòrùn oṣù kẹta ń ràn lórí páànù ní Kétu náà. Àwọn arúgbó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, a ó ní ogbó ló pa á, nítorí kò sí ẹni tó ń kà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a kì í sọ níwájú àlejò. Láti ọdún 2002 ni ìjọba Faransé ti ń san owó kan tí wọ́n ń pè ní APA fún àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí agbára wọn ti dín, kí wọ́n lè gba olùrànlọ́wọ́ sínú ilé. Nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ni obìnrin tó ti Áfíríkà lọ, ọmọ ilẹ̀ yìí sì wà lára wọn. Ọmọbìnrin Kétu ń jí láàárọ̀ ní ìgbèríko Paris, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ń lọ wẹ ìyá oníyàá, ó ń wọ aṣọ fún un, ó ń gé oúnjẹ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ìtàn ogun tó jà ní ìgbà èwe ìyá náà. Ó mọ bí a ṣe ń yí ẹni tó dùbúlẹ̀ padà kí egbò má baà sí i lẹ́yìn. Ó mọ pé iṣẹ́ ni, pé ó ní wákàtí, pé ó ní ìsinmi, pé ó ń dá ènìyàn lẹ́yìn. Nínú owó tí ó ń gbà níbẹ̀ ni ó ń fi ránṣẹ́ sí ilé. Bí òun náà bá wá ní kí wọ́n fi owó náà gba ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó bí òun, àwọn ará ilé yóò ní òyìnbó ti gba orí rẹ̀.

Àṣà wo ni wọ́n tilẹ̀ ń sọ? Ẹgbẹ́ tó ń fi ọlá fún oyè àti ààfin kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a fi àṣà parọ́ lójú rẹ̀. Kí a bi ààfin léèrè. Ta ló ń bu omi ìwẹ̀ fún ọba? Ta ló ń tẹ́ ẹní rẹ̀, ta ló ń tọ́ oúnjẹ rẹ̀ wò, ta ló ń sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lóru? Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn olorì ní iṣẹ́ tiwọn, àwọn ìlàrí ní tiwọn, àwọn ìwẹ̀fà ní tiwọn. Kò sí ààfin kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a ti fi ìtọ́jú ọba tó ti darúgbó lé ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo lọ́wọ́, kí á wá máa fi ìyẹn pe ara wa ní ẹni tó ń pa àṣà mọ́. Iṣẹ́ náà ní ìpín, ó ní orúkọ, ó ní oyè, ẹni tó ń ṣe é ń jẹun níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó sọ rí pé àwọn ọmọ ọba ti kọ bàbá wọn sílẹ̀ nítorí pé ẹmẹ̀wà ló gbé omi fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú agbo ilé tí kì í ṣe ti ọba. Ohun tí a ń pè ní àṣà nígbà náà ni pé ọwọ́ pọ̀. Ìyàwó mẹ́rin, àbúrò mẹ́ta, ọmọ ogún, ọmọ ọmọ, ìwọ̀fà, aládùúgbò, gbogbo wọn wà lójú kan. Bí ìyá àgbà bá wúkọ́ lóru, ẹni mẹ́ta ló gbọ́. Bí ẹni kan bá lọ sí oko, ẹni mẹ́fà wà nílé. Kò sí ẹni tó dá a gbé, nítorí náà kò sí ẹni tó rí i bí ẹrù. Àwọn bàbá kò nífẹ̀ẹ́ òbí wọn ju àwọn ọmọ òde òní lọ. Agbo ilé wọn ló kún. Ẹni tó bá ń gbèjà àṣà lónìí nínú agbo ilé tó ti ṣófo ń gbèjà ògiri.

Bí agbo ilé ṣe ṣófo kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kan. Láti ìgbà tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti fa ààlà wọn ní 1889, tí Kétu bọ́ sí apá kan, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá kejì, ni ọmọ ìyá kan náà ti ń gba ìwé ìrìnnà méjì. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn kan wà tó jẹ́ pé rírìn wákàtí díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ òbí wọn di ohun tí à ń fi ẹ̀bẹ̀ àti owó ẹ̀yìn ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ gíga wà ní Kútọnu, iṣẹ́ wà ní Èkó, ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Kò sí ẹni tó ń bẹ ẹnikẹ́ni pé kó padà wá dá oko. Ohun tó burú ni kí àwọn ọmọ lọ, kí wọ́n sì máa ṣe bí ẹni pé àwọn ṣì wà nílé.

Nítorí pé wọn kò sí nílé, ẹnìkan wà níbẹ̀ dípò wọn, ẹni náà kì í sì í dá orúkọ jẹ́. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́, tó padà sílé. Ó lè jẹ́ ìyàwó àbíkẹ́yìn. Nínú ilé tí a mú bí àpẹẹrẹ yìí, opó ni. Òun ló ń jí ní agogo mẹ́rin láti po ẹ̀kọ kí ó tó lọ sí ọjà. Òun ló ń fọ ẹní, òun ló ń sá a, òun ló mọ oògùn tí à ń lò láàárọ̀ àti èyí tí à ń lò lálẹ́. Bí orí ìyá kò bá pé mọ́, tó ń pe é ní olè, tó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé kò fún òun lóúnjẹ, òun ló ń gba èébú náà sára. Owó kò tọ̀ ọ́ lọ́wọ́, nítorí pé inú ilé ló wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n kan ni owó ń gba orí fóònù rẹ̀ wọlé. Ohun tó ń tọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni ìbéèrè. Kí ló dé tí màmá fi rù bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán? Kí ló dé tí wọn kò tíì ge èékánná rẹ̀? Ẹni tó ń béèrè wà ní ibi tí ẹ̀rọ ti ń fọ aṣọ.

Ìyá yóò kú lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà ni a ó mọ ibi tí wọ́n fi obìnrin náà sí. Àwọn ọmọ méje yóò jókòó síwájú nínú aṣọ kan náà. Òun yóò wà nídìí ìkòkò. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí wọn yóò kà, a ó gbọ́ orúkọ ọmọ, orúkọ ọmọ ọmọ, orúkọ iṣẹ́ wọn àti ìlú tí wọ́n ń gbé. A kò ní í gbọ́ orúkọ ẹni tó wẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Bóyá wọn yóò tilẹ̀ ní kí ó kó kúrò nínú yàrá, kí àlejò láti òkè òkun lè rí ibi sùn.

Ti ọmọdébìnrin náà burú ju èyí lọ. Ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́, orúkọ Fọ̀n ni gbogbo ayé fi mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: vidomègòn, ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní àtijọ́, ọmọ ẹbí ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí kí ó lè kọ́ ìwà àti iṣẹ́, a kò sì lè sọ pé gbogbo rẹ̀ burú. Ṣùgbọ́n kí a mú ọmọ ọdún mọ́kànlá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, kí a fi ẹni tí ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, kí ó máa gbé e dìde, kí ó máa fọ ìdọ̀tí rẹ̀, kí ó máa jí lóru bí ó bá ké, èyí kò ní orúkọ rere kankan. Bí ìyá bá yọ̀ ṣubú, àwọn méjèèjì ló ṣubú. Bí ó bá ṣubú tán, ọmọ náà ni wọn yóò nà. Ọmọ méje jẹ gbèsè, wọ́n fi ọjọ́ iwájú ọmọ ọlọ́mọ san án, wọ́n sì ní àwọn kò gba àjèjì sínú ilé.

Nǹkan mìíràn wà tí àṣà fúnra rẹ̀ sọ, tí àwọn tó ń gbèjà àṣà kì í fẹ́ gbọ́. Bàbá àgbà kì í fẹ́ kí ìyàwó ọmọ òun rí ìhòòhò òun. Ìtìjú ni fún un, ìtìjú sì ni fún obìnrin náà. Síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, òun náà ni wọ́n ń tì síwájú, nítorí àwọn ọkùnrin gbà pé iṣẹ́ obìnrin ni ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń kọ̀ láti wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí èyí, tí wọ́n á ní ó ti ń di ọmọdé. Kò di ọmọdé. Iyì rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ọkùnrin kan tí a gbà síṣẹ́, tí yóò wá láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ó mọ èèwọ̀ bàbá, tí ó mọ oúnjẹ tí ẹni tó joyè tàbí ẹni tó tẹfá kò gbọdọ̀ jẹ, ó bọ̀wọ̀ fún bàbá náà ju ẹbí tó fi í sínú ìtìjú lọ.

Àwọn ìlú yìí mọ bí a ṣe ń bọlá fún àgbà, bí ọlá náà bá ti jẹ́ ti gbangba. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn fi ṣe orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001, tó sì wọ ìwé àjogúnbá gbogbo ayé ní 2008. Nítorí àwọn ìyá ni gbogbo ijó náà, nítorí àwọn àgbà obìnrin tí agbára wọn lè gbé ìlú ró tàbí kó bì í wó. A máa fi ìlù, ère, ẹ̀fẹ̀ òru àti ijó ọ̀sán tù wọ́n lójú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí wá ni a ó sọ nípa ọkùnrin tó gbé ère lórí, tó jó títí ilẹ̀ fi mọ́ fún àwọn ìyá, tí ìyá tó bí i lọ́mọ wà nínú yàrá ní ojúlé kejì, tí ó ń gbọ́ ìlù, tí kò rí ẹni gbé e jáde wá wò ó?

Ọ̀rọ̀ ìtàn náà ńkọ́? Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886, tí ìlú dahoro títí àwọn tó kù fi padà wá tún un tò ní 1894, kì í ṣe inú ìwé ni wọ́n ti ka orúkọ àwọn ọba wọn. Bàbá Ẹlẹ́gùn ló ń rántí, oyè ìdílé ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ka ìtàn ìlú àti ti àwọn ọba nígbà tí a bá ń fi Alákétu jẹ. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló fẹ́ràn láti tún ọ̀rọ̀ tí Amadou Hampâté Bâ sọ ní UNESCO ní 1960 sọ, nípa arúgbó tó kú àti ilé ìkàwé tó jóná. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi òkú, nígbà tó ti jóná tán. Ẹni tó jókòó ti arúgbó láti fi ṣíbí bọ́ ọ ni arúgbó ń sọ ìtàn fún. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọdé tí oorun ń kùn, tàbí bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ta ni yóò sọ ọ́ fún?

Kí a wá ṣírò owó, nítorí owó ni àwáwí tó kù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó ọ̀yà tó kéré jù lọ tí òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SMIG, jẹ́ 52,000 fàráǹkì lóṣù. Kò pé 80 yúrò. Bí ọmọ méje bá pín in, kò tó 7,500 fàráǹkì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn méjì ni wọ́n gbà, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún òru, kò tó 15,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ kò rí jẹ lọ́nà kan náà, nítorí náà kí ẹni tó wà ní Paris san ju ẹni tó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ní Parakou lọ. Kí olúkúlùkù ẹbí wá ṣí ìwé tí wọ́n fi kọ owó òkú tó kẹ́yìn sílẹ̀. Kí wọ́n wo iye tí aṣọ nìkan jẹ. Kí wọ́n pín in fún 52,000, kí wọ́n sì ka oṣù tó jáde.

Kí ó sì jẹ́ owó iṣẹ́ gidi. Ẹni tó gba obìnrin kan síṣẹ́ ní 15,000 lóṣù, tí ó ní kí ó máa sùn níbẹ̀, kí ó má sì sinmi, kò tíì ṣe ju ohun tí wọ́n ṣe fún opó náà lọ. Bí opó náà fúnra rẹ̀ bá fẹ́ iṣẹ́ náà, òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀, kí wọ́n sì san án fún un bí wọn ìbá ti san án fún àlejò, láìsọ pé "ilé rẹ náà ni." Kí ó ní ọjọ́ ìsinmi. Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, kí ọmọ kan ti Kútọnu wá. Ọ̀nà Kútọnu sí Kétu kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan náà ló ń sáré rìn ín lọ sí òkú ará àdúgbò.

Àwọn kan yóò ní àjèjì lè jalè, ó lè na àgbà. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ bíbí inú pẹ̀lú, inú ilé ni a sì ń bò ó mọ́lẹ̀ sí. Ohun tó ń dáàbò bo arúgbó ni pé kí ojú tó ń wò ó pọ̀, ojú ẹbí, ojú aládùúgbò àti ojú ẹgbẹ́. Yàrá tí ènìyàn kan ṣoṣo ń wọ̀ ni ìbẹ̀rù wà, ì báà jẹ́ ọmọ, ì báà jẹ́ àjèjì. Ìdí nìyí tí sísan owó kò fi lè dá ọmọ sílẹ̀. Bí ẹbí bá gba òṣìṣẹ́ tán tí wọ́n sì dẹ́kun àtiwá, a jẹ́ pé òtítọ́ ni ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ òyìnbó ní ìpàdé ọjọ́ náà sọ.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ti 1981, sọ nínú ẹ̀ka kọkàndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ pé kí olúkúlùkù bọ̀wọ̀ fún òbí rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ó sì gbọ́ bùkátà wọn bí wọ́n bá ṣe aláìní. Ìwé Òfin Bẹ̀nẹ̀ ti 1990 sọ àdéhùn yẹn di ara tirẹ̀. Àdéhùn mìíràn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí ní 2016, lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà nìkan, ní kí ìjọba máa ran àwọn ẹbí tó ń tọ́jú àgbà nínú ilé lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń retí ìjọba, kó máa retí. Ìyá kò lè dúró dè é.

Ẹgbẹ́ ló ní ohun tí ìjọba kò ní. Ó mọ agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ẹni tó bí ẹni. Bí ẹnikẹ́ni bá kú, kò ju wákàtí díẹ̀ lọ kí akọ̀wé tó mọ iye ọmọ tó fi sílẹ̀, ibi tí wọ́n wà, àti iye tí olúkúlùkù yóò dá. Ìmọ̀ yìí kan náà ló wúlò fún alààyè. Akọ̀wé lè rìn láti agbo ilé dé agbo ilé láàárín oṣù kan, kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n, ẹni tó ń sùn tì wọ́n, àti ìgbà tí ọmọ kan wá síbẹ̀ kẹ́yìn. Kí wọ́n ka ìwé náà sókè ní ìpàdé, pẹ̀lú orúkọ, bí wọ́n ti ń ka owó tí ẹnìkan kò tíì dá. Ìtìjú yóò ṣe ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò ṣe.

Lẹ́yìn náà, nínú gbogbo owó òkú tí ó bá wọlé, kí wọ́n yọ ìdá kan sílẹ̀ fún àwọn arúgbó tí kò bímọ, tàbí tí ọmọ wọn kò ní. Àwọn náà ń bẹ, a kì í sì í dárúkọ wọn, nítorí pé gbogbo òwe lórí ogbó ló gbà pé ènìyàn bímọ. Kí wọ́n bẹ nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ìlú kó wá fi ọjọ́ méjì kọ́ àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ yìí, ọkùnrin àti obìnrin, bí a ṣe ń gbé ènìyàn láìṣẹ́ ara ẹni lẹ́yìn, bí a ṣe ń fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò dára lóúnjẹ, àti ìgbà tó yẹ kí a pe dókítà dípò kí a máa gbìyànjú. Kò sí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ omi, oúnjẹ, aṣọ, ìjókòó àti ọ̀rọ̀ sísọ ni.

Ìwé tí wọn yóò kọ ọ́ sí kò ní í ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Èyí tí wọ́n fi ń kọ owó òkú sílẹ̀ ṣì ní ojú ewé púpọ̀ tó ṣófo lẹ́yìn.